Wọ́n ní ká bọ́ gbogbo irin kúrò lára ká tó wọnú MRI, irin náà ni wọ́n tún fẹ́ gún sínú ẹ̀jẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀rọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ là mí lóye.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló fẹ́ ya MRI orí, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara yẹn. Kíndìnrín wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, torí ẹ̀ ni dókítà ṣe ní àwọn ò ní lo gadolinium, oògùn tí wọ́n máa ń gún fún ọ̀pọ̀ èèyàn kí àwòrán lè hàn dáadáa, pé irin làwọn máa lò dípò ẹ̀, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ferumoxytol. Mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn ni, àti pé ẹ̀rún irin kéékèèké tójú ò lè rí, ìyẹn nanoparticle, ló wà nínú ẹ̀. Dípò kọ́kàn mi balẹ̀, ńṣe nìyẹn tún dá kún ẹ̀rù tó ń bà mí.

Ṣé ẹ rí i, nígbà témi fúnra mi ṣe MRI, wọ́n ní kí n yọ yẹtí, kí n yọ bẹ́líìtì, kí n yọ píìnì orí, wọ́n tiẹ̀ bi mí bóyá irin wà nínú kọ́mú mi. Torí òòfà yẹn ni gbogbo ẹ̀. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n màmá mi, wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ da irin sínú iṣan wọn, kí wọ́n wá tì wọ́n wọnú òòfà yẹn kan náà. Ṣé kò ní fà á jáde ni? Àbí kó kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan nínú ara? Èkejì, tí wọ́n bá yàwòrán tán, ibo nirin yẹn ń gbà lọ nígbà tó jẹ́ pé kíndìnrín tó yẹ kó yọ ọ́ dànù lara ẹ̀ ò dá? Ẹ̀kẹta, mo kà á níbì kan pé irin yẹn ń jẹ́ kí àwòrán dúdú. Kí lèèyàn fẹ́ fi àwòrán dúdú ṣe? Ṣebí ìmọ́lẹ̀ la fẹ́ ká lè ríran.

Ẹ má bínú tó bá pọ̀. Màmá mi ò yéé pè mí, gbogbo ohun tí kò bá ti yé wọn, èmi ni wọ́n ń bi, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún.

Jagunlabí:

Irin nínú ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Tèmi ni pé kẹ́ ẹ wá dókítà míì lọ. Òòfà tó ń gbé odidi sílíńdà ọ́síjìn láti ẹnu ọ̀nà, kí ló máa fi irin inú iṣan ṣe?

FótòInú:

@Jagunlabí ẹ rọra o, ẹ má dáyà já ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí ẹ̀rọ MRI ni iṣẹ́ mi wà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Sílíńdà tẹ́ ẹ sọ yẹn, òótọ́ ni, òòfà MRI lè gbé e fò, ó sì ti ṣe é rí. Ohun tó fà á ni pé irin ibẹ̀ pọ̀, ó sì jẹ́ odindi kan, gbogbo ẹ̀ lòòfà ń fà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó pọ̀ jù nílé ìwòsàn, agbára òòfà wọn jẹ́ tẹ́sílà (òun la fi ń wọn agbára òòfà) 1.5 tàbí 3, 1.5 yẹn nìkan fi nǹkan bí ìlọ́po 30,000 lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì lọ, nítorí náà a ò lè fi píìnì orí ṣeré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òòfà ṣe máa fa nǹkan tó, ìwọ̀n irin tó so pọ̀ níbẹ̀ ló ń pinnu ẹ̀. Ẹ̀rún kan nínú ferumoxytol, tòun taṣọ tí wọ́n fi bò ó, nǹkan bíi 30 nánómítà ni. Ẹ mú mílímítà kan, ẹ pín in sọ́nà mílíọ̀nù kan, ìkan nínú ẹ̀ ni nánómítà kan. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo á fẹ̀ tó 7,000 nánómítà. Nǹkan tó kéré tó báyẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ń gbé e lọ, ìgbóná ara ń taari ẹ̀ síwá sẹ́yìn, agbára táwọn méjèèjì fi ń tì í ju èyí tí òòfà lè fi fà á lọ fíìfíì. Kò sí fífà jáde, kò sí fífa iṣan ya.

Ẹ tún rántí pé irin ti wà lára gbogbo wa tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà tára ẹ̀ dá ṣáṣá ní nǹkan bíi gíráàmù 3 sí 4 lára. Abẹ́rẹ́ ferumoxytol kan fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó jẹ́ mílígíráàmù 510 irin, ìyẹn fi díẹ̀ ju ìdajì gíráàmù lọ, wọ́n sì sábà máa ń dín in kù sí i tó bá jẹ́ torí àwòrán.

Ti àwòrán dúdú yẹn, ìbéèrè gidi lẹ béèrè, torí òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà. Omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, háídírójìn inú omi yẹn ni MRI ń gbọ́ jù o, kì í ṣe egungun, kì í ṣe ẹran. Òòfà ńlá á mú kí wọ́n tò síbì kan, ẹ̀rọ á wá fi ìgbì rédíò gbá wọn kúrò lórí ìlà, bí wọ́n ṣe ń yí tí wọ́n ń padà bọ̀ sípò ni wọ́n ń fọhùn sẹ́rọ. Ó dà bí agbo ìlù, tí gbogbo onílù bá ń lù ú sójú kan náà, ìró ẹ̀ á rinlẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ á gbọ́ ọ, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Tí ẹ bá wá gbé ẹ̀rún irin sáàárín wọn, ẹ̀rún yẹn ní òòfà tiẹ̀ tó ń da àyíká ẹ̀ rú, omi tó sún mọ́ ọn á máa yí kíá, èyí tó jìnnà díẹ̀ á máa yí jẹ́jẹ́, láìpẹ́ kálukú ti ń lu tiẹ̀, ìró yẹn á sì kú. Ibi tó ti kú ló ń dúdú. Àwa níbi iṣẹ́ ń pè é ní T2, tó bá sì jẹ́ èyí tí òòfà tí kò tẹ́jú dá sílẹ̀, a ní T2 oníràwọ̀.

Àǹfààní ẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú ẹ̀dọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kupffer, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa gbé nǹkan àjèjì tó bá ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ mì. Tí wọ́n bá gún èèyàn ní ẹ̀rún irin tó tóbi díẹ̀, àwọn ló máa gbé e mì, ẹ̀dọ̀ tó dáa á wá dúdú láti òkè délẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ti ibòmíràn wá ta gbòǹgbò síbẹ̀ kò ní Kupffer, kò gbé irin kankan mì, ńṣe ló máa mọ́lẹ̀ gbòò láàárín òkùnkùn. Kókó tó kéré tí ẹ ì bá má rí, á yọjú. Àwòrán dúdú wúlò gan-an jàre.

Ti orí ẹ̀gbọ́n màmá yín tún yàtọ̀ díẹ̀. Ferumoxytol kéré, nígbà tó bá ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ó lè mú kí iṣan mọ́lẹ̀ nínú irú àwòrán kan (T1) kó sì tún mú un dúdú nínú òmíràn, ó kù síbi tí wọ́n bá ní ká tẹ̀. Tó bá jẹ́ kókó inú ọpọlọ ni wọ́n ń wá, ó máa ń pẹ́ kó tó rọra wọbẹ̀, ó lè tó nǹkan bíi wákàtí 24, torí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí wọ́n bá ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì fún àwòrán míì. Kì í ṣe pé èyí àkọ́kọ́ bà jẹ́.

Kẹ́mísírì_Lásán:

Ọ̀gá FótòInú ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò tíì dáhùn apá tó ní ṣé kò ní kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Ibẹ̀ lemi fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Irin tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe irin lásán bíi ti ìṣó. Irin àti ọ́síjìn tó ti para pọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní magnetite, Fe₃O₄, tàbí ìbátan ẹ̀ tó ń jẹ́ maghemite. Tí ẹ bá gbọ́ irin òun ọ́síjìn, ọkàn yín á lọ sí ìpẹtà, ìpẹtà pupa tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn wà nínú ẹbí kan náà, àmọ́ òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìyẹn, magnetite ni òòfà ń fà dáadáa. Òkúta magnetite ńlá, tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà tẹ́ ẹ tún gbé e kúrò, ó lè di òòfà fúnra ẹ̀, á máa fa nǹkan. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ti inú ẹ̀jẹ̀ rí ni, wàhálà dé nìyẹn, torí kété tí wọ́n bá gbé èèyàn jáde nínú ẹ̀rọ làwọn ẹ̀rún yẹn á ti máa lẹ̀ mọ́ra wọn títí wọ́n á fi dí iṣan.

Ohun tó ń gbani ni kíkéré. Tí ẹ̀rún magnetite bá ti kéré tó bíi 20 nánómítà sísàlẹ̀, ìgbóná lásán ti tó láti máa yí orí òòfà inú ẹ̀ síbí sọ́hùn-ún láìdúró, lónìí àríwá, lọ́la gúúsù, ohun tí mo pè ní ọ̀la níbí ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan o. Tí kò bá sí òòfà nítòsí, gbogbo ẹ̀ pa ara wọn rẹ́, ẹ̀rún yẹn ò fa ohunkóhun. Gbé òòfà dé, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lágbára. Gbé e kúrò, wọ́n ti gbàgbé. Superparamagnetic ni wọ́n ń pe ìwà yẹn, òun ló jẹ́ kí wọ́n lè wọ inú èèyàn. Irin inú ferumoxytol gan-an, láìka aṣọ ẹ̀, kò tó 10 nánómítà.

Aṣọ yẹn náà ṣe pàtàkì. Irú ṣúgà kan ni wọ́n sábà fi ń bò ó, dextran tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Láìsí aṣọ, wọ́n á rọ́ lu ara wọn, pùrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ á bò wọ́n, ẹ̀dọ̀ á gbá wọn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní kíákíá, dókítà ò tíì rí nǹkan kan tó fẹ́ wò. Aṣọ tó dáa pẹ̀lú kíkéré ló ń jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó tóbi ju 50 nánómítà lọ tòun taṣọ ẹ̀, SPIO ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀ ló ń tètè lọ. Èyí tó kéré sí bẹ́ẹ̀ jẹ́ USPIO, òun ló ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tó sì ń ráyè dé inú lymph node, àwọn kókó kéékèèké tó ń sẹ́ omi ara.

Ṣíṣe ẹ̀ kì í ṣe awo rárá, iyọ̀ irin oríṣi méjì lẹ máa pò, irin II ìdá kan, irin III ìdá méjì, ẹ wá da ammonia sí i, kíá ló máa dúdú bí èédú. René Massart ló gbé ọ̀nà yẹn jáde lọ́dún 1981, a ṣì ń lò ó ní láàbù dòní. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí gbogbo ẹ̀rún dọ́gba. Èyí á tóbi, èyí á kéré, tí wọn ò bá sì dọ́gba, ìwà wọn nínú ara ò ní dọ́gba náà. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bakitéríà kan wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi tó ń ṣe magnetite tó dọ́gba rẹ́gí, tó tò wọ́n ní ìlà kan sínú ara ẹ̀ kó lè máa fi mọ̀nà. Richard Blakemore kọ nípa wọn lọ́dún 1975. Kò lo ammonia, kò gba owó ìwádìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀rọ̀:

Háà, ẹ ṣeun gan-an ni, ó ti ń yé mi. Mo ka ti agbo ìlù yẹn fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ti kíndìnrín ńkọ́? Mo sì tún rí i pé ọ̀pọ̀ irú oògùn yìí ni wọ́n ti kó kúrò lọ́jà, ìyẹn tún fẹ́ da ọkàn mi rú.

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ìbejì:

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹ̀ka kíndìnrín ni mo ti ṣiṣẹ́, jẹ́ n dá ẹ lóhùn lórí ìyẹn. Ti kíkó kúrò lọ́jà, ẹlòmíì á sọ ọ́.

Kíndìnrín kọ́ ló ń yọ irin yìí. Ẹ̀rún ẹ̀ tóbi ju ohun tí asẹ́ kíndìnrín lè jẹ́ kó kọjá lọ, kì í bá ìtọ̀ jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé nǹkan mì nínú ẹ̀dọ̀, nínú spleen (ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) àti nínú mùdùnmúdùn eegun ló ń gbé e, wọ́n á tú aṣọ ẹ̀, wọ́n á yọ irin inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara á tọ́jú òmíràn pa mọ́ sínú ferritin, pùrótéènì tó ń tọ́jú irin, á fi òmíràn ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sábà tó lára ẹ̀. Torí àwọn gan-an ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe kọ́kọ́ fọwọ́ sí ferumoxytol ní oṣù kẹfà 2009, àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn alárùn kíndìnrín ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó ń yàwòrán ló yá a lò.

Gadolinium ló ń bá ìtọ̀ lọ. Tí kíndìnrín ò bá gbé e jáde, ó ń pẹ́ lára. Lọ́dún 2006 ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àrùn kan tó ń jẹ́ NSF, awọ ara á máa le, á máa nípọn, oríkèé ò ní ká mọ́, ó sì lè kan inú ara náà. Àwọn oríṣi gadolinium àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀ràn yẹn o. Àwọn tuntun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ dáadáa, ewu wọn kéré gidigidi, àwọn dókítà míì á ṣì lò wọ́n fún ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa. Nítorí náà tí dókítà kan bá mú irin, tí òmíràn mú gadolinium tuntun, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú wọn ò mọṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni èyí. Irin yìí lè bá ara ẹlòmíì jà. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, abẹ́rẹ́ kíákíá ni wọ́n ń fi gún un, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ń tán. Àwọn kan ara wọn kọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ lójijì, a rí ẹni tó kú. Ní oṣù kẹta 2015 FDA fi ìkìlọ̀ tó le jù sí ara páálí ẹ̀. Láti ìgbà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ omi dríìpù, kó rọra wọlé fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí nọ́ọ̀sì sì máa wo aláìsàn títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá tán, kí ẹni yẹn wà lórí ìdùbúlẹ̀ tàbí kó fara ti àga. Tí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ bá ti gba irin sínú iṣan rí tí ara wọn kọ̀ ọ́, tàbí tí ara wọn máa ń kọ oògùn oríṣiríṣi, ẹ sọ ọ́ fún wọn KÍ WỌ́N TÓ so dríìpù. Ẹ má dúró kí wọ́n béèrè. Kí wọ́n sì mú ìwé gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání.

Jagunlabí:

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní wọ́n kó o kúrò lọ́jà yẹn ò parọ́ o, èmi náà rí i.

Ọmọ_Ìwádìí:

Kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi kó o kúrò kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò. Ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀, torí mo rò pé wọ́n tètè sá.

Oògùn irin kan tó ń jẹ́ Feridex ni FDA fọwọ́ sí lọ́dún 1996 fún àwòrán ẹ̀dọ̀, òun náà ni Endorem ní Yúróòpù. Resovist tẹ̀lé e níbẹ̀ lọ́dún 2001. Wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n Feridex ń mú ẹ̀yìn dun àwọn kan, ó ní láti rọra wọlé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èèyàn á tún dúró kí ẹ̀dọ̀ tó gbé e mì tán. Oògùn gadolinium kan tó ń wọ ẹ̀dọ̀ wá dé, abẹ́rẹ́ kan, ó yá, ó sì ń mú ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀ dípò kó dúdú. Ojú àwọn dókítà ti mọ́ ìmọ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá? Ọjà irin kú, àwọn tó ń ṣe é pa á tì. Torí pé kò pawó tó ni, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ kì í ṣe torí ewu.

Èyí tó ká mi lára jù ni ferumoxtran-10, tí orúkọ ẹ̀ lọ́jà jẹ́ Combidex tàbí Sinerem. USPIO ni, ó ń dé inú lymph node. Lymph node tó dáa ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé irin mì, á dúdú. Ibi tí jẹjẹrẹ bá ti gbà nínú ẹ̀ ò ní dúdú. Ẹ wò ó, MRI lásán, bí lymph node ṣe tóbi tó ló ń wò, jẹjẹrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ lymph node tó kéré, kò lè rí i. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2003 látọ̀dọ̀ àwọn dókítà Boston àti Nijmegen ní Netherlands, ọkùnrin 80 tó ní jẹjẹrẹ próstéètì ló wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá kà á ní lymph node kọ̀ọ̀kan, MRI lásán rí 35.4% àwọn tí jẹjẹrẹ wà nínú wọn, èyí tí wọ́n fi irin sí rí 90.5%. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà o. Síbẹ̀ ìwé àṣẹ ò jáde, lọ́dún 2007 ilé-iṣẹ́ tó ń wá àṣẹ ẹ̀ ní Yúróòpù fa ìwé tó kọ sí àjọ ibẹ̀ padà. Àwọn ará Nijmegen ò gbà, wọ́n tún un gbé dìde lábẹ́ orúkọ Ferrotran, wọ́n sì lò ó níbẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ferumoxytol, oògùn ẹ̀jẹ̀, ló wá di ohun táwọn tó ń yàwòrán ń dì mú. Òun ló wà ní ṣẹ́ẹ̀lì oògùn.

Àdùnní98:

Ẹ ẹ̀ mẹ́nu ba ti ọyàn. Wọ́n lo irú irin yìí fún mi nígbà iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n gún un sábẹ́ awọ nítòsí kókó yẹn, ó bá ọ̀nà omi ara lọ sí lymph node àkọ́kọ́ lábẹ́ abíyá, dókítà wá fi nǹkan kan bíi kálàmù ńlá tó ń dún wá ibi tí irin wà, ìyẹn ló yọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sí ìtànṣán nínú ẹ̀ rárá. Àmì pupa rẹ́súrẹ́sú kan kù sí awọ mi níbi tí wọ́n gún, ó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò dùn mí o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ọmọ_Ìwádìí:

Ẹ ṣeun Àdùnní, ẹ kú ewu. Magtrace ni irú ẹ̀, FDA fọwọ́ sí i lọ́dún 2018. Tẹ́lẹ̀, technetium tó ń tan ìtànṣán ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yẹn, kì í pẹ́ tó fi ń ṣá, ilé ìwòsàn tí kò bá sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìtànṣán ò lè ṣe é. Irin ò ní wàhálà yẹn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé irin yẹn ń pẹ́ nínú ọyàn, MRI ọyàn lẹ́yìn ìgbà yẹn á ní òjìji dúdú níbi tí wọ́n gún, ẹ máa sọ fún wọn.

Jagunlabí:

Mo tún rí fídíò kan tí wọ́n ní wọ́n ń fi irin yìí sun jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ. Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kò ní gbóná nínú orí ìyá àgbà yìí nígbà tí wọ́n bá wà nínú MRI?

Kẹ́mísírì_Lásán:

Ìbéèrè tó dáa jù tẹ́ ẹ ti béèrè látàárọ̀ nìyí, Jagunlabí 😂

Òótọ́ ni, NanoTherm ni, Berlin ni wọ́n ti ṣe é, Yúróòpù fún un láṣẹ lọ́dún 2010 fún kókó ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn ò gún un sínú ẹ̀jẹ̀, inú kókó yẹn gangan ni wọ́n ń da á sí, ó sì nípọn gan-an. Wọ́n á wá gbé orí sínú òòfà tó ń yí padà ní ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rún yẹn á máa sáré tẹ̀ lé e, sísá yẹn ló ń di ooru. Wọ́n ń fi ìtànṣán kún un náà, irin nìkan kọ́ ló ń dá ṣe é, fídíò tó ní ó ń wo jẹjẹrẹ sàn pátápátá ń ta ọjà ni.

MRI yàtọ̀. Òòfà ńlá ẹ̀ ò yí padà, ó ti di àwọn ẹ̀rún yẹn mú kọjú síbì kan, wọn ò ráyè sá kiri. Irin inú ẹ̀jẹ̀ sì fọ́n káàkiri, kò pọ̀ lójú kan. Kò ní gbóná. Ẹni tí wọ́n bá ti da NanoTherm sí lọ́pọlọ ni MRI ò wá wúlò fún mọ́ níbẹ̀, irin yẹn á sọ gbogbo àyíká ẹ̀ di òkùnkùn, CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray yàwòrán, ni wọ́n ń fi ń tẹ̀ lé wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tó dùn-ún wò, ẹ lọ wá magnetic particle imaging, MPI. Gleich àti Weizenecker ní ilé ìwádìí Philips ní Hamburg ló gbé e jáde lọ́dún 2005. Òun ò tiẹ̀ gbọ́ omi rárá, irin nìkan ló ń gbọ́. Ibi tí irin ò bá sí, kò sí nǹkan nínú àwòrán, ibi tó bá wà, ó mọ́lẹ̀, ó sì ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Lọ́dún 2009 wọ́n fi wo ọkàn eku tó ń lù láàyè. Ara eku náà lọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà, torí àtiṣe èyí tó gba èèyàn ń jẹ iná mànàmáná, ó sì lè máa ta èèyàn ní iṣan.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀rọ̀:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bù kún yín. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa. Ìbéèrè méjì tó kù, ti màmá mi ni, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: ṣé ìgbẹ́ wọn á dúdú bíi ti ìgbà tí wọ́n ń lo oògùn irin oníhóró? Àti pé tí wọ́n bá tún fẹ́ ya MRI míì, ti ikùn, lóṣù tó ń bọ̀, ṣé kò ní dí i lọ́wọ́?

FótòInú:

Ìgbẹ́ ò ní dúdú. Oògùn irin oníhóró, inú ìfun ló ń gbà, èyí tí ara ò gbà ló ń bá ìgbẹ́ jáde, òun ló ń mú un dúdú. Èyí inú iṣan ló wọlé, ìfun ò rí i.

Ti MRI ikùn, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè dí i lọ́wọ́. Ara páálí ẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó lè yí àwòrán MRI padà títí oṣù mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń hàn jù. Tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ ya ti ikùn kí irin tó wọlé, tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Tí kò bá ṣeé sún, ẹ kọ orúkọ oògùn yẹn, ìwọ̀n tí wọ́n fún wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sínú bébà, kẹ́ ẹ mú un fún ẹni tó fẹ́ yà á. Tí kò bá mọ̀, tó rí ẹ̀dọ̀ tó dúdú báyẹn, ó lè rò pé irin ti pọ̀ jù lára wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí kò sí. CT àti X-ray ò ní wàhálà, ẹ ya ìyẹn nígbà tó bá wù yín. Kí wọ́n má sì gbàgbé yọ yẹtí o, torí ti yẹtí ò yí padà.